Agogo Kejì Gbé Wa Lọ Síbi Iṣẹ́ Igi

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀.”

Ohun tí ọmọ tí mo fi inú mi bí sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pe àwọn òbí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ọlọ́pàá. Ìyá Àgbà ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí láti ìgbà tó ti ń rá ló ti ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ dájọ́ fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì nílé-ẹ̀kọ́ girama ni, òun ló sì ń kọ́ mi ní ìwà.

“Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ ni?” mo bi í.

Bàbá rẹ̀ tó ń nu bàtà lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Lọ́dún tó kọjá,” ni Ìyá Àgbà wí, “ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kun èèyàn lóorun ju oògùn lọ. Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Títí di òní, Ọmọ Oògùn Oorun ni wọ́n ń pè mí.”

“Ṣé irọ́ ni mo pa?”

“Mọ́mì!”

Ni mo bá ṣèlérí. Kò sí ẹni tí mo ń bẹ̀rù láyé yìí, ṣùgbọ́n tí ọmọ yẹn bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ara mi máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀.

Káfíńtà ni mí. Àga ni mò ń ṣe, àti tábìlì, àti àpótí aṣọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ké. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, ìṣọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níwájú ilé wa, tó fi jẹ́ pé ìyẹ̀fun igi tèmi àti irun tàwọn oníbàárà rẹ̀ jọ máa ń pàdé lójú ọ̀nà ni. Jẹ́jẹ́ ni orúkọ tí a fún un nílé-ẹ̀kọ́, torí kì í sọ̀rọ̀, orúkọ náà ni mo sì ń pè é títí dòní. Àwọn ìyá ọkọ mi ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún un, kí n máa pè é ní “ẹ̀yin.” Mo ní ọmọ tó jókòó tì mí ní kíláàsì, tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì mi bí ẹni ń jẹ súgà, ṣé òun ni n óò máa pè ní “ẹ̀yin”?

Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni àwa méjèèjì lọ, ibẹ̀ náà ni Ìyá Àgbà ń lọ báyìí. Bàbá mi ló ń kọ́ni ní iṣẹ́ igi níbẹ̀ nígbà náà.

Àṣà kan wà nílé-ẹ̀kọ́ yẹn tó ti wà kí wọ́n tó bí wa. Tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọn kì í kó òbí jọ sínú gbọ̀ngàn kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ bò wọ́n. Wọ́n á fún òbí ní odindi ọjọ́ ọmọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n á ti fún un pọ̀ kó kéré. Wọ́n á lu agogo, ìwọ òbí á lọ jókòó sórí àga ọmọ rẹ. Olùkọ́ á sọ ohun tó fẹ́ kọ́ wọn lọ́dún náà ní ṣókí, àti ohun tó ń retí lọ́wọ́ ọmọ, àti èyí tó ń retí nílé. Agogo á tún dún, wàá dìde lọ sí yàrá tó kàn. Ìyá mi lọ nígbà tèmi. Ó dé, ó ní òun ti wá mọ ìdí tí ebi fi máa ń pa mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àga náà kéré. Orúnkún Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ gbà wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba èèyàn méjì bí irú rẹ̀. Ó ní lọ́dún yìí, lẹ́tà á máa dúró níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà.

“Ẹ má bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá o,” ló wí. “Ẹ kàn jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè ṣe é.”

Bàbá kan ní ẹ̀yìn gbé ọwọ́ sókè. “Tí èmi gan-an ò bá wá mọ̀ ọ́n ń kọ́?”

“Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ má bá wọn ṣe é.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ti dé ètè mi tí ì bá mú olùkọ́ náà jókòó, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ti fi bàtà rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo gbé e mì.

Ni agogo kejì bá dún.

Wọn ò tíì pààrọ̀ agogo yẹn. Irin kan náà ni, ohùn rẹ̀ ṣì sán bíi ti ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Bó ṣe dún ni mo dìde, mi ò ronú, mi ò wo ìwé pélébé tí wọ́n fi kọ ètò ọjọ́ náà fún wa. Jẹ́jẹ́ náà dìde. Àwọn òbí yòókù yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Àwa méjèèjì yà sósì. A kọjá níbi ẹ̀rọ omi tó máa ń kán tótó, a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró yẹn, mò ń bi í pé ṣé ó rántí ọjọ́ tí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló tì í mọ́bẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi. Láyé ìgbà tiwa, tí agogo kejì bá ti dún, iṣẹ́ igi ló kàn. Ẹsẹ̀ wa ò gbàgbé.

Òórùn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí a dé. Òórùn igi tútù àti àtè gbígbóná tí a fi ń lẹ igi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò lè padà.

Àwọn tábìlì iṣẹ́ tí bàbá mi kàn ṣì wà níbẹ̀. Etí wọn ti jẹ nítorí ayùn ọmọdé tó ń ṣì í rẹ́, wọ́n sì ń dán láàárín nítorí ọwọ́. Fèrèsé gíga yẹn náà rèé, tí oòrùn máa ń gbà wọlé lọ́sàn-án tí ìyẹ̀fun igi á máa fò nínú rẹ̀ bíi kòkòrò wúrà. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni bàbá mi máa ń dúró sí, pẹ́ńsùlù létí, àtè ní gbogbo ìka, tí á máa pe àṣìṣe wa ní orúkọ ẹ̀yẹ. Tí ẹsẹ̀ àga bá gùn ju ìyókù lọ, á ní, “Ẹ wò ó, àga yìí ń jó!” Inú wa á dùn, a ó tún un ṣe.

“Ọmọ Ọ̀gá!”

Olùkọ́ iṣẹ́ igi ti ìsinsìnyí ló ké pè mí. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà náà ó rí bí igi ìdáná, nísinsìnyí ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé ibi tó bá ń lọ. Ó dì mọ́ mi, ó bọ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó wá wo ojú wa.

“Kí lẹ ń ṣe níbí? Kíláàsì ìwé kíkà ni wọ́n lu agogo fún. Èmi ni mo kẹ́yìn lónìí.”

Jẹ́jẹ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Ha,” ló wí.

Èmi ti rí ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àpótí kékeré kan ni, ìdérí rẹ̀ wọ̀ ọ́ pẹ́kí láìsí ìṣó kankan. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Ó ń mí bí ohun alààyè.

“Ọmọ yín nìkan ni kì í fẹ́ gbọ́ agogo tó bá wà níbí,” ni ọkùnrin náà wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbí ẹ ò tíì gbọ́ ni?”

“Gbọ́ kí ni?”

Ó ní lọ́dún yìí, ọmọ tí ìwé kíkà rẹ̀ bá ń fà á sẹ́yìn ò ní wá síbi iṣẹ́ igi mọ́. Wákàtí iṣẹ́ igi, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìwé kíkà ni yóò ti lò ó, títí tí olùkọ́ náà á fi ní ó tó. Ìyá Àgbà sì wà lára wọn. “Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá òbí sọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí. Òbí tí kò bá fẹ́, ibẹ̀ ló ti máa sọ. Tí wọ́n bá ti túká, ó ti parí nìyẹn. Ọmọ Ọ̀gá, ẹ sáré!”

Mo sáré. Èmi, abiyamọ tí orúnkún ń dùn, mo gun àtẹ̀gùn yẹn bí ẹni tí ajá ń lé. Mi ò ro nǹkan méjì. Wọn ò ní lé ọmọ mi kúrò ní yàrá bàbá mi. Kí n ṣáà débẹ̀.

Àwọn òbí ti ń jáde nígbà tí a dé. Olùkọ́ náà ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ọmọ obìnrin tí mo lè bí ni, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òbí tó sọnù,” ló wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Mo la ẹnu. Mo rántí ìlérí mi. Mo pa á dé. Mo fi ìgúnwọ́ gún Jẹ́jẹ́ níhà.

“Ẹ̀...” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Ọmọ wa. Igi.” Ó nu ojú. “Ó fẹ́ràn igi.”

Gbogbo ohun tí ọkọ mi ní lẹ́nu nìyẹn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

“Mo mọ̀, sà,” ni olùkọ́ náà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún wa. “Mo ní kó kàwé fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í kólòlò. Á wo lẹ́tà àkọ́kọ́, á wo ojú mi, á wá hùmọ̀ ìyókù. Ó sì máa ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Orí rẹ̀ pé débi pé kò sí olùkọ́ kankan tó tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé la máa fi kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan lọ́dún yìí, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, gbogbo ẹ̀. Á máa fi ọgbọ́n bo ara rẹ̀ ni, títí ọgbọ́n náà á fi tán.”

Mo jókòó sórí àga tó fà fún wa.

Torí mo mọ ọmọ tó ń sọ yìí. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Ìyá Àgbà. Nígbà tiwa, tí wọ́n bá ti ní ó kan mi láti kàwé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Màá tọrọ ààyè, ó di yàrá iṣẹ́ igi. Bàbá mi ò bi mí rí pé kí ló dé. Á kàn ní, “Ìwọ náà rèé? Wá bá mi gbá ilẹ̀.” Á fi ọwọ́ tó ní àtè kàn mí lórí. Kò tíì sí ibi tó dùn mọ́ mi tó ibẹ̀ láyé. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan kí n padà sí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán yẹn ni, àti oòrùn yẹn, àti ìfági rẹ̀ tó ń súfèé lórí igi. Mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, mo lè kan àga ní àdijú. Mi ò lè ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ìṣó fún mi.

Èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé. Mo fi ń yangàn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ohun tí n kì í sọ ni bí mo ṣe ń fi ọgbọ́n bò ó kí n tó mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á na ìwé sí mi, màá ní, “Ẹ bá mi kà á, mo gbàgbé awò ojú mi sílé.” Mi ò ní awò ojú rí.

“Ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀ ni,” Jẹ́jẹ́ ń ṣàlàyé fún olùkọ́. “Ó ti ṣèlérí fún ọmọ.”

“Kí ni kò ní sọ?”

“Ohunkóhun.”

Olùkọ́ náà wá rẹ́rìn-ín wàyí. “Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí kan tí mo mọ̀ náà wá ṣe irú ìlérí yẹn. Mà, ẹ kàn mi orí yín sí èyí tí ẹ bá fẹ́. Ṣé kó wà lọ́dọ̀ mi ni, àbí kó wà níbi iṣẹ́ igi?”

Ká ní bàbá mi wà láyé, mo mọ ohun tí ì bá sọ. Á ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun.

“Ẹ mú un,” ni mo wí.

Ohùn náà kéré. Jẹ́jẹ́ yíjú padà bí ẹni pé obìnrin mìíràn ló sọ̀rọ̀.

“Ó dá yín lójú, mà? Ó máa bínú sí yín gan-an.”

“Tí kò bá bínú, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo bí i.”

Agogo tún dún. A lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, a lọ sí ti ìtàn. Ẹ má bi mí ní ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, oòrùn ń wọ̀, Ìyá Àgbà sì ti jókòó dè wá lórí igi níwájú ìṣọ̀ mi. Bàbá rẹ̀ ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, ó wọlé fìrì. Ọ̀dàlẹ̀.

“Ṣé ẹ sọ̀rọ̀?”

“Díẹ̀.”

“Kí lẹ sọ?”

Mo sọ ọ́ fún un, mi ò fi oyin sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi dà lójú rẹ̀, ó sì fò dìde.

“Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí ibi tó dùn tó ibẹ̀!”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ̀yin náà ò kàwé, ẹ sì ń jẹun!”

“Mò ń jẹun. Jókòó.”

“Mi ò jókòó!”

“Ó dáa, dúró.” Mo sì sọ ọ̀rọ̀ awò ojú fún un, mi ò yọ ìkankan sílẹ̀. Mo sọ ti ọkùnrin tó kọ “gíga” tí mo hùmọ̀ “gígùn” sí i, tí a fi kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò lè dúró nínú ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín nìyẹn ì bá jẹ́ láàárín wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wọlé, ó sì fi ilẹ̀kùn jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun wọlé.

Mo mú ìfági. Mò ń fá igi kan tí kò nílò rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó là á mọ́ tábìlì iṣẹ́ mi, eérún igi fò.

“Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá síbí. Tí mo bá hùmọ̀, kí ẹ sọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á bí ẹni ń bá ìwé náà jà, ó ń fi ìka lu ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó wo lẹ́tà àkọ́kọ́, ó wo ojú mi, ó la ẹnu. Mo di ojú. Mo gbọ́ tó pòṣé. Ó padà síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó mú un ní ẹyọ, ẹyọ, títí ó fi dé ìparí rẹ̀, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú.

Mo la ojú. Ó fi ojú burúkú kan wò mí, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.