Ilẹ̀kùn Irin tí Ọlábọ̀dé Kò Rí

Ojú ti ti Ọlábọ̀dé rí o, ṣùgbọ́n kò tì í tó ti ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣíwájú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́ ni kó fojú ara rẹ̀ wo ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó gbé kọngílá ìwé ìdìbò fún wọn. Ti Ayọ̀dèjì, ní Oǹdó, ló kàn. Ayọ̀dèjì yìí ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá Ọlábọ̀dé, àwòrán màmá ń dán, kò sí lẹ́tà kan tó ṣì. Ọlábọ̀dé wá bi ara rẹ̀ pé ẹni tó báni sin ìyá ẹni, ṣé a óò tún máa tọ pinpin ilé rẹ̀? Ó jókòó sí Àkúrẹ́, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun dé yàrá ẹ̀rọ, pé ilẹ̀kùn irin ló ní, kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń tì í. Ó buwọ́ lù ú. Ìwà ọ̀lẹ ló ń pè ní ìmoore!

Kò pé oṣù kan tí Ìyáàfin Àtinúkẹ́, ọ̀gá rẹ̀, fi ra àkàrà ní Ọjà Ọba. Ìwé ìdìbò ni wọ́n fi pọ́n ọn fún un, òróró ti rin orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbingbin. Èyí tó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ Ayọ̀dèjì ni ẹnìkan ń kó tà fún aláàkàrà.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní kí Ọlábọ̀dé wọkọ̀, ó di Oǹdó. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ máa ṣíwájú, ẹ̀yin lẹ mọ̀nà.”

Ọlábọ̀dé wọ ṣọ́ọ̀bù iwájú, níbi tó ti gba ìwé ìsìnkú lọ́jọ́sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, balùwẹ̀ ni. Ó ṣí òmíràn, bẹ́ẹ̀dì ló bá níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ ti ń dún, lábẹ́ páànù, kọ́tìnì olódòdó kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ìyá Ayọ̀dèjì tó ń to ìwé níbẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin màmá rẹ̀, kò tún yà kí àwọn mọ́, àfi bí ẹni pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyáàfin Àtinúkẹ́ fa fọ́ọ̀mù yọ, ó ka ti ilẹ̀kùn irin sókè, ó wo kọ́tìnì. Arúgbó rò pé wọ́n fẹ́ fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, ó dìde, ó kọjú sí ọ̀gá.

“Ẹ má gbọ́ tẹnikẹ́ni o. Ọmọ tó sin ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn kì í purọ́.”

Ọlábọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Irọ́ ni mo pa, mà. N kò débí láti ọjọ́ ìsìnkú.”

 Ìyá Ayọ̀dèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a léjìká pẹ̀lẹ́, ó ní kó dìde, ilẹ̀ náà dọ̀tí.