Àpótí Tí Ọ̀gá Tì Pa

Ọdún kọkànlá rèé tí Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ti ń lọ aṣọ nílé iṣẹ́ alágbàfọ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ooru omi bó àbúrò rẹ̀ lápá ni wọ́n tó mọ̀ pé ó lóhùn.

Àbúrò yìí ló ń na aṣọ ìbùsùn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi lọ aṣọ. Páìpù ẹ̀rọ náà ti ń jò fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Àkísà ni ọ̀gá ní kí wọ́n fi dì í. Àkísà tú, ooru tú jáde, ọmọbìnrin náà ké tòò.

Kí ẹ̀gbọ́n tó débẹ̀, ọ̀gá ti fún ọṣẹ ìfọyín sójú ibi tó bó.

"Ó máa tutù báyìí," ni ọ̀gá wí. "Ó yá, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ọṣẹ ìfọyín kẹ̀? Ṣé eyín ló hù sí i lápá ni?"

Ẹ̀gbọ́n fa àbúrò rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ náà tó wú, ó rọra fi omi tútù ṣan ọṣẹ náà kúrò.

"Ó ń ta mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Má gbé e kúrò lábẹ́ omi, ó di ogún ìṣẹ́jú. Tó bá lé ròrò, o ò gbọdọ̀ bẹ́ ẹ o."

Ó wá yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì tó wà lára ògiri yẹn."

"Kọ́kọ́rọ́ wà nílé. Àwọn tó ń wá yẹ ilé iṣẹ́ wò ni mo tìtorí wọn gbé àpótí yẹn kọ́…" Ọ̀gá gbé ìyókù mì.

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ré kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí àpótí náà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kan tó ti bàjẹ́, ó fi lu àgádágodo ara àpótí, gbì, gbì! Ó já. Tíì ọ̀gá ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà àti ṣíbí kan. Kò sí báńdéèjì.

"Ṣúgà! Ṣé ṣúgà ni kí n fi wé apá ọmọ ìyá mi?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ẹni tó ń fọ aṣọ pa ẹ̀rọ tiẹ̀, ẹni tó ń ká aṣọ jókòó.

"Ilé oògùn ò jìnnà," ni Àǹtí Áyọ́ọ̀nù wí. "Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ẹ ra báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, kí ẹ sì pe ẹni tó máa tún páìpù yẹn ṣe."

Ọ̀gá wo ojú gbogbo wọn, ó jáde. Nígbà tó dé, òógùn bò ó. Àǹtí gba báńdéèjì, ó fi bo apá náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dì í pinpin.

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù lọ pa ẹ̀rọ tí páìpù rẹ̀ ń jò náà. Kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ kankan títí wọ́n fi pààrọ̀ páìpù lọ́jọ́ kejì.