Ẹ Kú Oko O

Ìyá mi àgbà, Mẹ̀dínátù, kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i. Orí ọ̀kadà pàápàá, wọn á pariwo "Ẹ kú oko o" sínú oko gbágùúdá, ẹni tí wọn ò rí á sì dá wọn lóhùn. Ojú máa ń tì mí. Wọ́n ní, "Roheemat, ẹni tó bá dá ọ lóhùn ti mọ̀ pé o kọjá." Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo gun ọ̀kadà ní Ayétòrò, mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní Igbógilà. Mi ò wo nọ́ńbà, mi ò wo ojú ọlọ́kadà, fóònù nìkan ni mo tẹjú mọ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, a ti kúrò lórí títì, ọ̀nà oko tóóró la wà. Ó ní àbùjá ni. Mo ní kó dúró, ó tẹná sí i. Fóònù mi ò ní nẹ́tíwọ̀kì mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó fi kan itan mi, ó ní kí n fara balẹ̀. Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sọ sí mi lọ́kàn.

Mo kọjú sí oko, mo pariwo: "Ẹ kú oko o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ni mò ń kí. Mo tún kígbe, ẹyẹ nìkan ló fò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo lọgun títí ọ̀fun fi ń ta mí: "Ẹ kú oko o! Roheemat ọmọ Bàrúwà ni! Ọlọ́kadà ń gbé mi lọ síbi tí mi ò mọ̀!"

"Òo! Ta nìyẹn?" Ohùn obìnrin ni, láàárín gbágùúdá.

Ẹ̀rù ba ọlọ́kadà, ó fa bíréèkì. Mo fò bọ́lẹ̀, orúnkún mi bó. Ìyá àgbàlagbà kan jáde tàdátàdá, àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì tẹ̀lé wọn. Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun ṣìnà ni. Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Akínbọ̀wálé, ọ̀nà oko bàbá tó bí ọ lo ṣì?"

Ó yí ọ̀kadà padà, ó sá lọ. Àwọn ọmọ ìyá náà ló mú mi dé Igbógilà.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kí orúkọ mi má baà bàjẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ṣé èmi ni mo ṣe é ni?

Lọ́jọ́ Ajé, mo rí ọlọ́kadà náà ní gáréèjì. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Mo sún mọ́ wọn, mo sì kí i sókè bí ìyá àgbà ṣe máa ń kíni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Akínbọ̀wálé. Ṣé ọ̀nà oko yẹn náà lẹ máa gbé èyí gbà?"

Gbogbo ọlọ́kadà yíjú wò ó. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀.