Abẹ́rẹ́ Olórí Pupa

Iṣẹ́ jórin-jórin ni mò ń ṣe lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìjórin TIG tòkunbọ̀, mo sọ fún gbogbo ará ọjà pé kò sí àlùmíníọ̀mù tí mi ò lè jó. Mi ò sì tíì jó ẹyọ kan rí.

Ìyáàfin Oyèlékè, tíṣà tó kọ́ mi ní pírámárì, ló gbà mí gbọ́. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àlùmíníọ̀mù tí ọkọ wọn fi ń jókòó rìn wá. Ó ti sán lábẹ́ ìjókòó.

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Dádì ò tíì kúrò nínú ilé," ni wọ́n wí nípa ọkọ wọn.

"Ẹ jókòó, Mà. Kò ní pẹ́ parí."

Mo mú abẹ́rẹ́ tọ́ńgístìnì tí iná ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Olórí pupa ni, wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa kí a lè dá a mọ̀, òun ni mo fi ń jó irin. Mo pọ́n ọn títí ó fi mú bí ẹ̀gún. Bí mo ṣe tanná báyìí, iná ń sá káàkiri bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ mú, ẹnu abẹ́rẹ́ là, ó ń tutọ́ sára kẹ̀kẹ́, ojú ibi tó sán dúdú. Mo ní iná mànàmáná ò lágbára. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Mo dá gáàsì lẹ́bi.

"Kọ́láwọlé, ṣé o mọ nǹkan tó ò ń ṣe yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà."

Ràódàt ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ọmọṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń jó àlùmíníọ̀mù. Lọ́jọ́ tó ń kúrò lọ́dọ̀ mi, mo ní kó lọ máa ta aṣọ, pé obìnrin kì í pẹ́ nídìí iná. Mo di kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn mọ́tò, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Ọ̀gá, olórí pupa yìí, irin ló dáa fún. Fún àlùmíníọ̀mù, lórí ẹ̀rọ àtijọ́ bíi tiwa yìí, olórí aláwọ̀ ewé ni. Ẹ má pọ́n ọn. Ẹnu rẹ̀ á yọ́, á rí roboto bí orí ìṣáná, iná á wá dúró lójú kan."

"Bá mi jó o."

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ máa jó o."

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ olórí aláwọ̀ ewé àti àjákù àlùmíníọ̀mù mélòó kan. Mo ba mẹ́ta jẹ́. Ìkẹrin lẹ̀ mọ́ra. Ó wá fi fáìlì ha ìdọ̀tí tí mo dà sójú kẹ̀kẹ́ kúrò, mo sì jó o. Kí n tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ títà yẹn. Ó ní òun ò rántí. Irọ́ ló pa.

Nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ dé ilé wọn, Tíṣà fi èékánná ha ojú ibi tí mo jó. Dádì jókòó lé e, wọ́n yí ara wọn jáde síta, wọ́n ń pe aládùúgbò. Èmi dúró sí pálọ̀, mò ń nujú, mo ní òógùn ni.