Àga Ẹ̀gbẹ́ Dẹ́rẹ́bà

Ohun tí ẹ ti ń fura sí nípa àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́, òótọ́ ni: wọn kì í wọ̀ ọ́ nítorí ibi tí wọ́n ń lọ, bí kò ṣe nítorí àwọn tí yóò rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá Déédéé kò yàtọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ náà, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ kí "déédéé" má wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àbùkù ni. Òun gbà á ní oyè.

Mọ́tò náà dúdú, ó ń dán bíi bàtà sójà. Ọ̀ṣọ́ òde ni ṣá. Lọ́jọ́ kan tó fi ìwàǹwára ṣí kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ilẹ̀ irin tó di àga ìyàwó rẹ̀ mú ya. Àga dànù sẹ́yìn, ìyàwó fẹ̀yìn balẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì dojú kọ òrùlé. Onígbàjámọ̀ gbàgbé orí ẹni tó ń fá.

"Ìyá ọmọ mi, rọra, ó kù díẹ̀ kó rí déédéé," ni ọkọ wí, bó ṣe ń fà á dìde.

"Déédéé wo? Bí mo bá tún wọ pósí onítáyà yìí, ẹ yí orúkọ mi padà."

Wàhálà wá dé. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọbìnrin wọn máa gboyè ní yunifásítì. Ọ̀gá Déédéé ti rí ọjọ́ náà lójú inú: òun nídìí ìdarí, ìyàwó òun lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun lẹ́nu géètì, tí ẹnu wọn là sílẹ̀ bí ẹnu àpò. Ìyàwó ní mọ́tò àbúrò òun ọkùnrin lòun máa bá lọ. Kí tọkọtaya wọ ọgbà yẹn nínú mọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ó gbé àga jáde, ó ká rọ́ọ̀gì. Ihò tí ìkúùkù lè kọjá ló bá níbẹ̀, etí rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń rún bíi bisikíìtì. Wẹ́dà ìkángun òpópónà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín jó irin lé e."

"Yá mi ní ẹ̀rọ rẹ, kí o dúró sápá kan, kí o máa rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín ọ̀fẹ́! Ta ló máa ń kọ ìyẹn?"

Ká má purọ́, Ọ̀gá Déédéé ṣiṣẹ́. Ó gé gbogbo ìpáàrà kúrò títí ó fi kan irin tó ń kọ mọ̀nà. Ó fi páálí ṣe àwòṣe, ó gé irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, ó sì jó o mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí iná má baà ká a kò. Ó fi nọ́ọ̀tù tuntun sábẹ́, ó kun ún lọ́dà. Irin kan yẹn ti tó, àmọ́ ìgbéraga kì í mọ ibi ìdúró. Ó fi èkejì lé e. Ó tún gé irin nípọnnípọn mẹ́rin, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ àga, pé kí omi òjò má tún rí wọn bá ṣeré láéláé.

Wẹ́dà di àga mú, ó fi gbogbo agbára mi ín. Mọ́tò ń jó lódindi. Àga kò yẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o! Bí ayé bá dojú dé, àga yìí ò ní mọ̀."

Ọ̀gá Déédéé gorí àga. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àárín orí rẹ̀ àti òrùlé: ìka mẹ́ta gba ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Déédéé!"

Nígbà tí Sátidé pé, ó ti ké sí gbogbo àdúgbò, títí kan onígbàjámọ̀, wá wo abẹ́ àga. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ ti àga síwájú, ó tì í sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Baálé mi, ẹ gbìyànjú. Mo ti fojú di yín tẹ́lẹ̀."

"Tún un sọ, onígbàjámọ̀ ò gbọ́."

Àyà rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyàwó wọlé, ó jókòó. Orí rẹ̀ sọ òrùlé, gbì! Ó tẹ ọrùn sósì, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó fi àgbọ̀n kan àyà.

"Gbórí sókè díẹ̀."

"Ibo ni kí n gbé e sí, Baálé mi?"

"Ọ̀gá, ẹ dá ihò sí òrùlé!" ni onígbàjámọ̀ kígbe.

Àbúrò ìyàwó ti ń fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ lójú títì. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká, ó ní iṣẹ́ náà dára, ó sì gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ.

"Dúró ná! Mo wọ̀n ọ́n!" Ọ̀gá Déédéé tún gorí àga, ó na ọwọ́ sókè lójú gbogbo wọn. "Ẹ wò ó! Ìka mẹ́ta! Àyè wà!"

Àyè wà lóòótọ́. Wẹ́dà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ni Ọ̀gá Déédéé fi wọn àga, ìyàwó rẹ̀ sì ga jù ú lọ.