Aṣọ Iṣẹ́ Lórí Ìṣó

"Wọ́n ní ó ti..."

"Ta ni?"

"Ìyá Oníbàtà náà ni. Wọ́n ní ó ti tà á."

"Ta kí ni? Ṣé kì í ṣe..."

"Ilé iṣẹ́ yìí, látòkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó rà á ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, tí wọ́n bá sì ti dé, àwa tí a ti dàgbà..."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ ìṣó.

Nígbà tí akọ̀wé fi máa dé, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Aṣọ iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nílé iṣẹ́ bàtà yìí, ẹni tó ń lọ sílé nírọ̀lẹ́ a máa ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí àga. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ìṣó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò tún nílò kó kọ̀wé.

Àbúrò Ìyá Oníbàtà, tó ni ilé iṣẹ́ náà, ni akọ̀wé yìí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí tó bá kí èèyàn, àfi kónítọ̀hún tẹ́tí dáadáa kó tó gbọ́. Ìwé ló mọ̀ ọ́n kọ. Bí wọ́n bá ṣèpàdé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan ibi tí ẹnìkan ti wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ pàdé àwọn àlejò tí ọjà ìpín rán wá, ọjà tí wọ́n ti ń pín ilé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ra díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń sá sókè sá sódò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí àwọn àlejò bá dé ní aago mẹ́wàá tí wọ́n bá ẹ̀rọ tó dákẹ́, wọn ò ní fọwọ́ sí i kí ilé iṣẹ́ náà wọ ọjà ọ̀hún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Iṣẹ́ wo?" Abẹ́rẹ́ ló dáhùn, obìnrin tó ń rán ojú bàtà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Àwa ti kí ara wa pé ó dàbọ̀."

Bàbá Agéwọ, tó ti ń gé awọ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti wà nínú yàrá kan, ń fi àkísà di ọ̀bẹ rẹ̀. "Ọmọ mi, a ò bá ẹ jà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ì bá sọ fún wa lójú ara wa. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?"

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, bàbá?"

Gbogbo ojú yí sí awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà. "Èmi ni," ló wí. "Àga ni mo ń gbé wọlé lọ́jọ́ tí agbẹjọ́rò wá. Mo gbọ́ ọ kedere: 'Màá tà á.'"

"Kí ló sọ ṣáájú ìyẹn?"

"Mo ṣì wà níta."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo ti padà lọ gbé àga kejì."

Abẹ́rẹ́ pòṣé. "Àárín ọ̀rọ̀ lo gbé wá fún wa, o wá fi àga dí etí ìyókù."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nawọ́ sí ìṣó.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ó wu Jẹ́jẹ́ kó dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Síbẹ̀ ó wọ ọ́fíìsì, ó gbé ìwé ìpàdé ọjọ́ náà jáde, ó gun orí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"A ò gbọ́," ni Bàbá Agéwọ wí.

Ó tún un kà, sókè. Agbẹjọ́rò tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ọjà ìpín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà: ó ní kí wọ́n dín àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kù kí wọ́n tó gbé ilé iṣẹ́ náà lọ síbẹ̀. Ojú gbogbo wọn le. Jẹ́jẹ́ ò dúró, ó ka èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dópin.

Bàbá Agéwọ tú àkísà lára ọ̀bẹ. Òun ló kọ́kọ́ mú aṣọ rẹ̀ lórí ìṣó. Ẹ̀rọ kan dún, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ìṣó fi ṣófo.

"Ẹ má bínú," Abẹ́rẹ́ pariwo láti ìdí ẹ̀rọ, "mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àwọn àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Oníbàtà wà lẹ́yìn wọn. Jẹ́jẹ́ rí wọn. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì tún ṣí ìwé. Ó wúkọ́ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wúkọ́, ó sì gbé ohùn ga ju ariwo ẹ̀rọ lọ:

"Agbẹjọ́rò, màá tà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó bá mi gé awọ, tí wọ́n bá mi rán an nígbà tí a ò ní ju tábìlì kan lọ, àwọn ni yóò kọ́kọ́ gba ìpín, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ará ìta tó rí ẹyọ kan rà. Tí ọjà yín bá ní òun ò gbà, ẹ gbé ìwé yín, èmi á gbé òòlù mi."