Fi Ẹ̀gbẹ́ Òsì Lélẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fi òru sáàárín ọ̀sán méjì kí ara wa lè sinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Alágbàfọ̀ ni ìyàwó àbúrò mi. Kò-sinmi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì máa ń dáhùn. Ìdúró ló ti ń jẹun. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, síbẹ̀ kò dín iṣẹ́ kù.

“Ìyàwó wa, jókòó díẹ̀,” ni mo máa ń wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá jókòó, ta ni yóò lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà mi? Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n rin ìhòòhò lọ síbi iṣẹ́?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣàdéédé gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò rántí ìgbà tí ọmọ yìí mira kẹ́yìn.”

Òkú ni a bí ọmọ tó ṣáájú èyí. A kì í sọ ọ́ nínú ilé wa. Mo pa iná áyọ́ọ̀nù, mo fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí.

Ìyá àgbà tí kì í kánjú ni agbẹ̀bí náà. Ó gbé fèrè onígi tó fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù lé ikùn rẹ̀, ó tẹ́tí títí, ó mi orí.

“Kí lẹ gbọ́, Màmá?” ni ìyàwó wa béèrè.

“Ìwọ ni mo gbọ́. Àyà rẹ ń lù bíi ti ẹni tí ajá ń lé. Fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí o má ṣe ohunkóhun. Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?”

Ó dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, ìka rẹ̀ ti ń ká etí aṣọ ibùsùn. Agbẹ̀bí rọra gbá a lọ́wọ́. “Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni.”

Mo ń gbọ́ omi tó ń kán ní yàrá kejì. Mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá. Mo kàn jókòó. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ tú, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, èémí rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Aṣọ tó bo ikùn rẹ̀ sún. Mo rò pé atẹ́gùn ni. Ó tún sún. Ibì kan ga sókè bí ìgbọ̀nwọ́ kékeré, ó rìn láti apá kan dé èkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yíra padà lórí ibùsùn ara rẹ̀. Ọlẹ̀ sọ! Gbogbo irun ara mi dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà mi.

Omijé ń ṣàn lójú ìyàwó wa, ṣùgbọ́n kò mira. “Màmá, ṣé bó ṣe ń ṣe látọjọ́ yìí nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá ń rìn, ńṣe lò ń mì ín bí ẹni tó pọn ọmọ, oorun á gbé e lọ. Bó bá wá jí, iṣẹ́ rẹ kì í jẹ́ kí o mọ̀.”

Ó tún gbé fèrè náà lé e, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí èmi náà wá gbọ́. Mo gbọ́ ọ, bí ẹsẹ̀ ẹṣin kékeré kan tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

“Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni mo wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wọ ti àná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí tún ṣe é.”

Ìwọ tó ń kà á, kí Ọlọ́run fún ọ ní wákàtí tí ọwọ́ rẹ yóò ṣófo, kí ohun alààyè tó fi sínú rẹ sì mira kí o mọ̀ ọ́n. Àmín.